Bí A Ṣe Ń Ṣa Obì

Múyìwá gbé fóònù wá bá mi nídìí agbọ̀n,
ní Sábó, Ṣágámù, lọ́jọ́ tí ọkọ̀ Kánò pẹ́ kó tó dé.
"Màmá Àgbà, ẹ wá wo dókítà yìí."
Mo nu ọwọ́ mi nù sí etí ìró, mo wò ó.

Ọkùnrin kan ni, aṣọ funfun báláú lọ́rùn rẹ̀,
ó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jogún.
Ó ní sìgá oníbátìrì kì í ṣe sìgá,
ooru omi lásán ni, bí ìkòkò tó ń hó,
ó ní ó ń fọ ẹ̀dọ̀fóró bí ọṣẹ ṣe ń fọ àwo.
"Ọ̀kẹ́ mẹ́wàá ènìyàn ló ti wò ó!" Múyìwá ní.
Eṣinṣin tó bo ẹran kíkẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ọmọ mi.

Jókòó sórí àpótí yẹn.
Ọdún mọ́kànlélógójì ni mo ti ń ṣa obì.
Obì tó ń dán lẹ́yìn kò tíì sọ nǹkan kan fún mi.
Mo máa ń yí i, mo máa ń fi èékánná tẹ ìdí rẹ̀;
ihò tó kéré ju ojú abẹ́rẹ́ lọ ni kòkòrò ń gbà wọlé.
Mo sì máa ń bi ẹni tó rù ú wá:
oko ta ni? Ọjọ́ wo lẹ ká a? Ta ló san owó ọkọ̀?

Pa ohùn rẹ̀ ná, ká fi ojú nìkan wò ó.
Ó pa á.
Ọkùnrin náà ya odi,
ó ń la ẹnu, ó ń pa á dé bí ẹja inú agbada.
Kí ni wọ́n fi òwú ran sí àpò àyà rẹ̀ yẹn?
Múyìwá fa àwòrán náà tóbi. Ó dákẹ́ díẹ̀.
"Mátíróònù."
Nísàlẹ̀, nọ́ńbà tí à á fowó ránṣẹ́ sí,
ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ náírà, adùn máńgòrò.
Ihò nìyẹn.

Ó rẹ́rìn-ín, ó tẹ òmíràn:
"Èyí tó bá ẹnu yín mu ńkọ́?"
Ẹ̀dọ̀fóró dúdú lórí tábìlì, bí èédú tí òjò pa,
ohùn ẹkún lẹ́yìn rẹ̀: fa ẹyọ kan, o kú lọ́la.
Ọkàn mi fò mọ́ ọn.
Mo rántí Ṣódípẹ̀, bàbá bàbá rẹ̀,
àpò símẹ́ńtì lọ́sàn-án, páálí sìgá lálẹ́,
ikọ́ tó ń jí wa kí àkùkọ tó kọ.
Mo fẹ́ pariwo pé òótọ́ ni.

Ọwọ́ mi ló kọ̀.
Obì tí àbúrò mi gan-an gbé wá, mo máa ń yí i wò.
Ẹ̀dọ̀fóró ta ni? Ta ló yọ ọ́?
Ó lè jẹ́ ti ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n rẹ sínú tàdáwà.
Dókítà tó tọ́jú Ṣódípẹ̀ kò sọ̀rọ̀ ẹyọ kan, kò sọ̀rọ̀ ọ̀la.
Ó ní ọgbọ̀n ọdún ló fi kó o jọ,
ó ní sìgá ló ṣe èyí tó pọ̀,
pé ọwọ́ eruku símẹ́ńtì náà kò mọ́,
pé ibi tí ìmọ̀ òun dé nìyẹn.
Ẹni tó lè fi ibi tí ìmọ̀ rẹ̀ pin sí hàn mí,
òun ni mo lè ra ọjà lọ́wọ́ rẹ̀ láwìn.

Bó ṣe fẹ́ dìde, nǹkan kan jábọ́ lápò rẹ̀,
pẹlẹbẹ, aláwọ̀ máńgòrò.
Mi ò pariwo. Mo gbé e, mo yí i, mo gbóòórùn rẹ̀.
Ó ta sánsán, kí n má purọ́.
Ka lẹ́tà wẹ́wẹ́ ìdí rẹ̀ fún mi, ojú mi ti di bàìbàì.
"Nikotíìnì," ó ní, ohùn rẹ̀ ò jáde dáadáa.
Omi lásán, àbí?

Ọkọ̀ Kánò fọn fèrè lójú títì.
Ó bá mi gbé agbọ̀n àkọ́kọ́, ó bá mi gbé ìkejì.
Nígbà tó lọ tán, mo rí nǹkan náà lórí ẹní,
láàárín àwọn obì tí mo ti ṣà sọnù.
Mi ò mọ̀ bóyá ó gbàgbé rẹ̀ ni.